Ilẹ̀ Tí Ajílẹ̀ Pọ̀ Jù Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù! Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ajílẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ẹ wo ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé adìẹ, níbi tí a ti ń da ìgbẹ́ adìẹ sí láti ọdún dé ọdún. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà nínú ìgbẹ́ náà, oúnjẹ tí ń mú kí gbòǹgbò ta kí irúgbìn sì so. Ìwọ̀nba ni àgbàdo lè fà lọ́dọọdún. Èyí tí ó kù a máa kó jọ sínú ilẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí àgbàdo rí síńkì gbà tó, ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ a sì máa ní ìlà funfun. Bí òjò bá sì dé, àgbàrá a gbé e lọ sínú odò.

Odò wo? Odò Ọtìn ni. Lórí rẹ̀ ni ìsédò Ẹ̀kọ́-Ẹ̀ndẹ́ wà, tí a ṣe láti pèsè omi fún Ìkìrun, Òkukù àti àwọn ìlú àyíká wọn. Oúnjẹ tí ń bọ́ àgbàdo a máa bọ́ ohun aláwọ̀ ewé tí ń bo ojú omi pẹ̀lú, òmíràn nínú wọn sì ní májèlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà, a ní kí àwọn ènìyàn tí ó tó 400,000 má mu omi ẹ̀rọ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí irú májèlé bẹ́ẹ̀ nínú adágún Erie. Ajílẹ̀ tí àgbàrá gbé láti oko wà lára ohun tí ó fà á.

Kí ni àtúnṣe? Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ti ń fi álọ́ọ̀mù sínú ìkòkò omi: ìdọ̀tí a so pọ̀, a sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ omi ń ṣe. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí ó kù nísàlẹ̀ kún fún alumíníọ́ọ̀mù, èyí tí í máa di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú ṣinṣin. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, àwọn onímọ̀ ní Oklahoma, ní Amẹ́ríkà, fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí a ti fi ìgbẹ́ adìẹ sí. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí àgbàrá ń gbé lọ sì dínkù.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Oògùn àpọ̀jù ni èyí, kì í ṣe ajílẹ̀. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ pupa wa ni kò ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó, nítorí irin àti alumíníọ́ọ̀mù inú rẹ̀ ti di í mú tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí irú oko bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fi ebi pa ọ̀gbìn rẹ̀. Nítorí náà:

1. Ẹ kọ́kọ́ ṣíwọ́ dída ìgbẹ́ adìẹ sí ojú kan. Ẹ kó o lọ sí oko tí ó ti ṣá. Ibẹ̀ ni ó ti wúlò.

2. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ bu erùpẹ̀ níbi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò, bí irú ti IAR&T ní Moor Plantation, Ìbàdàn.

3. Bí ilẹ̀ bá kan, tí pH rẹ̀ kò tó 5.5, ẹ má ṣe fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i. Alumíníọ́ọ̀mù lè ba gbòǹgbò jẹ́ níbẹ̀.

4. Ẹ má ṣe gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí a kò tíì yẹ̀ wò, nítorí májèlé mìíràn lè wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá dára, ẹ sá a kí ó gbẹ, kí ẹ sì fọ́ ọ kúnná.

5. Ẹ dán an wò lórí ilẹ̀ kékeré kan fún ọdún kan, kí ẹ fi apá kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i, kí ẹ lè fi méjèèjì wé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí koríko wà ní bèbè odò pẹ̀lú.

Abèèrè kì í ṣìnà: ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà nítòsí yín léèrè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Omi tí ó ti ẹ̀yìn ilé adìẹ yín ṣàn lọ, àwọn ọmọ yín ni yóò mu ún.