Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Áàpù Gba Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa ti kéde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 pé òun yóò pààrọ̀ owó náírà, nígbà tó sì fi di oṣù kejì ọdún 2023, owó bébà ti di ọ̀wọ́n gógó. Ìyá tó ń ta púpurù, ẹni tó ń ta epo pupa, ọlọ́kadà, gbogbo wọn ló di dandan fún láti máa gba tiransifá, bí wọn kò bá fẹ́ kí ọjà bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò fi fóònù gba owó rí ló gbé áàpù báǹkì sórí fóònù wọn.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe wọlé? Ẹ jẹ́ ká fi ìyá olóòwò kan ní ọjà Òkìtìpupa ṣe àpẹẹrẹ. Ó ṣí áàpù náà. Àwòrán aláràbarà mẹ́ta kọjá níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí, BVN, NIN àti àwòrán ojú. Ó sú ìyá. Ó na fóònù sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan: “Ọmọ mi, bá mi ṣe é.” Ọmọ náà bá a ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló yan nọ́ńbà àṣírí fún un. Láti ọjọ́ náà, kọ́kọ́rọ́ àpótí owó ìyá ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọmọlúàbí, a dúpẹ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan yóò sọ pé àìmọ̀wé ìyá ló fà á. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó bá gba àlejò ló ni ojúṣe láti fi ilé hàn án. Ẹni tó ṣe áàpù ni onílé, ìyá wa ni àlejò. Àwọn ìgbésẹ̀ tí áàpù fi ń mú ẹni tuntun lọ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà títí yóò fi lè dá ṣe iṣẹ́ tó bá wá, òun ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun

Ní ọdún 1984, nígbà tí ilé iṣẹ́ Apple gbé kọ̀ǹpútà Macintosh jáde, wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì kan sí i, èyí tí ohùn inú rẹ̀ ń ṣàlàyé fún ẹni tó rà á bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún náà gan-an, John Carroll àti ẹnì kejì rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM gbé àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú ètò ìtẹ̀wé kan, wọ́n sì ti àwọn ibi tó le nínú rẹ̀ pa fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí a ti ń so táyà kékeré méjì mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọdé kó má bàa ṣubú. Àwọn tó fi èyí bẹ̀rẹ̀ yára parí iṣẹ́ ju àwọn tí a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn fún lọ, àkókò tí wọ́n fi tún àṣìṣe ṣe sì kéré. Carroll tún ṣàkíyèsí pé èèyàn kì í fẹ́ jókòó ka ìwé àlàyé. Iṣẹ́ tó gbé e wá ló fẹ́ ṣe lójú ẹsẹ̀.

Àṣejù náà wà níbẹ̀. Nínú Office 97, Microsoft fi àwòrán kan tó ń sọ̀rọ̀ sí i, tó máa ń yọjú láìpè láti ran èèyàn lọ́wọ́. Ó sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Nígbà tó di Office ti ọdún 2007, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò pátápátá.

Ohun tí ilé kéwú ti mọ̀ tipẹ́ nìyí. Kò sí alífáà tó ń ṣí odindi Kùránì síwájú ọmọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́tà díẹ̀ ló ń kọ sórí wàláà. Bí ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n, a ó fọ̀ ọ́, a ó kọ òmíràn. Kùránì fúnra rẹ̀, nǹkan bí ọdún 23 ló fi sọ̀ kalẹ̀.

Bí a ṣe lè ṣe é

Àkọ́kọ́, ẹ mọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó gbé àlejò wá. Ìyá wa kò wá yá owó, kò sì wá ra káàdì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá owó oníbàárà ti wọlé kó tó gbé ọjà fún un, nítorí àwọn oníjìbìtì ń fi rìsíìtì ayédèrú han ọlọ́jà. Nítorí náà, ibi tí owó tó wọlé ti ń hàn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú un dé. Ìyókù lè dúró.

Ìkejì, ẹ má béèrè ohun tí kò tíì kàn. Òfin ló ní kí báǹkì béèrè BVN tàbí NIN, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un kí ẹ tó béèrè. Bí áàpù ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù ló bá jẹ́, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó láti bẹ̀rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ tó fẹ́ yá owó, ẹ béèrè ìyókù.

Ìkẹta, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ohun kan lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ tọ́ka sí, lórí ibi tó fẹ́ tẹ̀ gan-an. Kó fi ₦50 dánrawò kó tó fi owó ńlá ránṣẹ́. Ẹ sì fi ohùn Yorùbá sí i. Bó bá jẹ́ ohùn Ìkálẹ̀, á tún dùn mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò lè kà á lè gbọ́ ọ.

Ìkẹrin, ẹ rántí iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló lo ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ láìní iná mànàmáná. Bí bátìrì bá kú nígbà tí ìyá dé ìgbésẹ̀ kẹrin, kí áàpù bá a bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹrin nígbà tó bá padà dé. Ẹni tí ẹ bá dá padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má retí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

Ìkarùn-ún ló ṣe pàtàkì jù: ibi nọ́ńbà àṣírí. Kí áàpù dúró níbẹ̀, kó sọ ọ́ ketekete: “Bí ẹlòmíràn bá ń bá yín ṣe é, ẹ gba fóònù yín báyìí. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ yan nọ́ńbà yìí.” Kó má gba 1234, kó má gba ọdún ìbí. Gbólóhùn kékeré yìí lè pa owó ọdún púpọ̀ mọ́ fún èèyàn.

Ìkẹfà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lè fo àlàyé, kí ẹni tó gbàgbé sì lè padà rí i. Abèèrè kì í ṣìnà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ rí ẹni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ka iye èèyàn tó ń dúró sójú ọ̀nà. Ká ní ọgọ́rùn-ún èèyàn bẹ̀rẹ̀, tí àádọ́rin dé ibi àwòrán ojú, tí ọgbọ̀n péré kọjá ibẹ̀, ibẹ̀ ni kòtò wà. Ẹ lọ jókòó ti ọlọ́jà mélòó kan, kí ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ máa wo ibi tí ìka wọn ti ń ṣiyèméjì. Ẹ ó rí ohun tí ẹ kò lè rí nínú ọ́fíìsì.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù ní Òkìtìpupa níbí, ọjà kò jìnnà sí yín. Kí ẹ tó gbé áàpù yín jáde, ẹ gbé e lọ bá àwọn ìyá yín níbẹ̀. Ìmọ̀ jẹ́ àmánà, owó ọlọ́jà náà sì jẹ́ àmánà. Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká lè ṣọ́ méjèèjì.