Kí Ẹ Tó Ra Ìwọ̀ àti Àwọ̀n: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tí Ó Fẹ́ Fi Ẹja Pípa Ṣe Fàájì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá rí alákọ̀wé tí ó gbé ìwọ̀ àti ekòló lọ sí etí odò, a ó ní owó oṣù rẹ̀ ni kò tó o jẹun. Ayé ti yí padà. Mo ti bá olùkọ́ pàdé ní etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ Sátidé, mo ti bá ọlọ́jà aláṣọ pàdé níbẹ̀, tí olúkúlùkù jókòó ti ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀, tí ó ń wo ojú omi bí ẹni tí ń retí lẹ́tà láti òkè òkun. Wọn kò wá nítorí ọbẹ̀. Bí ó bá ṣe ti ọbẹ̀ ni, ọjà Olúwo kò jìnnà, ẹja tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ìwọ̀ ènìyàn kan lè fà jáde. Fàájì ni wọ́n wá ṣe. Èmi náà wà lára wọn, fàájì yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ní ọdún 3 sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú kálámù.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ìwà òmùgọ̀ mi ná. Ní ọdún náà, wọ́n san owó kan fún wa tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, mo sì gba Èkó lọ. Mo ra ọ̀pá ìwọ̀ òyìnbó tí ó ní kẹ̀kẹ́ ìkáwọ́. Mo ra ẹ̀wù kakí tí ó ní àpò 16. Títí di òní ni mò ń wá ohun tí n ó kó sí 10 nínú wọn. Paríparí rẹ̀, mo ra bàtà rọ́bà gígùn tí ó dé itan. Nígbà tí mo tú ẹrù náà sílẹ̀ ní pálọ̀, ìyàwó mi gbé bàtà náà wò, ó ní: “Bàbá Túndé, ẹja mélòó ni bàtà yìí máa pa?” N kò dá a lóhùn.

Bàbá apẹja kan gbà láti kọ́ mi. Nígbà tí ó rí mi ní èbúté, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní: “Tíṣà, ṣé ẹja ni a fẹ́ lọ pa ni, àbí ogun ni a ń lọ? Bọ́ bàtà yẹn.” Mo ní: “Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, nítorí omi náà ni wọ́n ṣe ṣe é.” Ó dákẹ́. Nígbà tí a dé àárín ọ̀sà, mo dìde dúró nínú ọkọ̀ láti ju àwọ̀n bí mo ti rí i tí bàbá ń jù ú. Àwọ̀n lọ, èmi náà tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin olùkọ́ yóò sọ pé omi tí ó wọ inú bàtà kò lè wúwo níwọ̀n ìgbà tí ó wà nínú omi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò ṣe é ta mọ́, bí ènìyàn bá sì fẹ́ gun ọkọ̀ padà, nígbà náà ni omi inú bàtà yóò di ẹrù. Okùn àwọ̀n sì tún wà ní ọrùn ọwọ́ mi, tí òjé ń fà á lọ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀wù tí ń múni léfòó ńkọ́, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní láífù jákẹ́ẹ̀tì? Ó wà nínú ọkọ̀. Mo fi ṣe tìmùtìmù ìdí. Bí kò bá sí ti àjẹ̀ tí bàbá nà sí mi, àti ọ̀bẹ tí ó fi gé okùn náà, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ́ kíláàsì mi lónìí.

Nítorí náà, bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rà, kì í ṣe ìwọ̀. Ẹ ra ẹ̀wù aléfòó tí ó bá ara yín mu, kí ẹ so gbogbo okùn rẹ̀ kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn di èjìká rẹ̀ mú kí ó fà á sókè: bí ó bá ń gba etí yín kọjá, ó ti tóbi jù. Ohun kejì ni akẹtẹ̀ wa tí ó fẹjú, nítorí oòrùn orí omi kì í ti òkè nìkan wá, ó tún ń ta padà láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sí àgbọ̀n àti imú. Bùbá ọlọ́wọ́ gígùn tí kò fún, ṣòkòtò péńpé, àti bàtà kánfáàsì tí ó ṣe é bọ́ kíákíá, ìyẹn ti tó. Agbádá kò ní iṣẹ́ níbẹ̀.

Nínú ohun òyìnbó tí mo rà, ọ̀kan ṣoṣo ni bàbá náà yìn: awò ojú tí a ń pè ní polarized. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá ta padà láti ojú omi máa ń mì ní ìbú ju òró lọ. Awò yìí sì ń dí èyí tí ń mì ní ìbú lọ́nà, ojú á wá lè ríran wọ inú omi dé ibi tí ẹja wà. Bàbá gbé e sójú, ó wo omi, ó rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ dá a padà. Ẹ ṣọ́ra lọ́jà o, ayédèrú pọ̀. Ẹ mú awò méjì, ẹ gbé ọ̀kan síwájú èkejì, kí ẹ sì yí ọ̀kan títí yóò fi wà ní òró. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ ojúlówó, ibẹ̀ yóò ṣókùnkùn biribiri.

Ìwọ̀ ńkọ́? Nọ́ńbà rẹ̀ yóò da olùkọ́ ìṣirò pàápàá lójú rú. Ìwọ̀ nọ́ńbà 12 kéré ju nọ́ńbà 6 lọ, 6 sì kéré ju 1 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí òdo níwájú rẹ̀, bí 1/0, 2/0 títí dé 5/0, ó ti yí padà nìyẹn: bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ ni ìwọ̀ ń tóbi. Ẹnu ẹpìyà kéré, nọ́ńbà 8 tàbí 10 tó o. Àrọ̀ lè gbé 1/0 mì. Bí ẹ bá fẹ́ so ó, ẹ ki okùn bọ ojú ìwọ̀, ẹ lọ́ orí okùn náà mọ́ ara rẹ̀ nígbà 5, ẹ dá a padà gba ihò kékeré tí ó sún mọ́ ìwọ̀, kí ẹ tún kì í bọ ihò ńlá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ẹ fi itọ́ pa á lára kí ẹ tó fà á le. Èyí kì í ṣe oògùn. Bí okùn ọ̀rá bá ń ha ara rẹ̀ ní gbígbẹ, ooru á mú un, á sì já níbi kókó.

Ṣùgbọ́n àwọ̀n jíjù ni adùn iṣẹ́ yìí wà. Lẹ́yìn tí mo bọ́ lọ́wọ́ ikú, bàbá kò jẹ́ kí n tún ju àwọ̀n lórí omi fún odidi oṣù kan. Ó ní kí n lọ kọ́ ọ nílẹ̀. Mo tẹ́ táyà ọkọ̀ àtijọ́ kan sílẹ̀ ní pápá ìṣeré ilé ìwé wa, mo sì ń ju àwọ̀n lé e lórí ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi mí ṣẹ̀rín pé Tíṣà ń pa ẹja nínú koríko. Ọ̀nà rẹ̀ nìyí: ẹ ká okùn sí ọwọ́ òsì, ẹ pín àwọ̀n sí méjì, kí ẹ gbé apá kan lé èjìká, kí ẹ di etí olójé èkejì mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Kì í ṣe agbára apá ni a fi ń jù ú. Ìbàdí ni a ń yí, bí ìgbà tí oníjó bá yí padà sí onílù, kí ẹ sì tú ọwọ́ sílẹ̀ nígbà tí ara bá yí tán. Bí ó bá ṣe rẹ́gí, yóò là bí àwo, òjé rẹ̀ yóò sì ba omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ tí tèmi kọ́kọ́ là, àwọn ọmọ náà pàtẹ́wọ́. N kò gba ìwé ẹ̀rí kan tí ó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní ti okùn ọrùn ọwọ́, kókó tí ó ṣe é tú pẹ̀lú ìka kan ni kí ẹ ta, kí ọ̀bẹ sì wà ní ìgbànú.

Bí ẹ bá ń ra àwọ̀n, ẹ wo ojú rẹ̀. Àwọ̀n tí ìka kò lè wọ ojú rẹ̀ ń kó ọmọ ẹja tí kò ì tí ì bímọ rí, àwọn aládùúgbò ọ̀sà sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí ẹni tí ó bá fi fàájì ba oúnjẹ wọn jẹ́. Ẹ má sì fi àwọ̀n tí ó ya sílẹ̀ sínú omi. Láyé òwú, àwọ̀n tí ó bá sọnù á jẹrà. Apẹja tilẹ̀ ní láti máa sá tirẹ̀, kí ó sì máa rẹ ẹ́ sínú omi èèpo igi kí ó lè tọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe náílọ́ọ̀nù jáde ní Amẹ́ríkà ní 1935, tí ó sì di ohun ìhunwọ̀n, àwọ̀n kì í kú mọ́. Yóò máa pa ẹja lọ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní jẹ ẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Òbòkún ní ẹ̀gún 3, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, oró sì wà níbẹ̀. Bí ó bá gún yín, ẹ ki ọwọ́ náà bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, kì í ṣe èyí tí yóò bó yín, fún bí ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru ń pa oró náà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ, pàápàá bí ẹ̀gún bá kán sínú.

Mo ṣì ń lọ ní Sátidé, bàbá kò sì dá awò ojú mi padà. Ẹ̀wù alápòó 16 wà nínú àpótí. Bàtà rọ́bà ńkọ́? Ìyàwó mi ni ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí oko ẹ̀fọ́ rẹ̀ nígbà òjò.