Ẹran Ìgbẹ́ Kò Lọ́ràá, Ṣùgbọ́n Ìkòkò Wa Ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyá ilé, àti ẹ̀yin baálé ilé tí ẹ ń fi owó ọbẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹran ìgbẹ́ ni a mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn tí dókítà sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, pé kí ó dín ẹran ọlọ́ràá kù, kí ó sì máa fi ọwọ́ kékeré mú iyọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, bàbá yìí gba ọ̀nà Abẹ́òkúta lọ, ó yà ní Omi-Àdìó níbi tí wọ́n ti ń ta ẹran ìgbẹ́, ó sì ra odidi ọ̀yà kan bọ̀ wá sílé. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹran tí dókítà ń wí nìyí. Ẹran ìgbẹ́ kò ní ọ̀rá."

Inú Ìyá Ìbejì dùn. Ó da epo pupa bí ìdajì ìgò sínú ìkòkò, ó yọ́ ọ títí èéfín fi lé gbogbo wa jáde nínú ọgbà, ó ju mágì márùn-ún sí i, ó sì tún bu iyọ̀ lé e lórí. Ọbẹ̀ náà dùn, n kò ní purọ́, nítorí wọ́n bu tèmi fún mi. Bí wọ́n ti ń sè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí bàbá padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bínú sí ọ̀yà, ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ọ̀yà láre. Ẹran tí ó ń sá kiri nínú igbó, tí ó ń jẹ koríko àti ìrèké, tí ajá ọdẹ ń lé, kò ráyè kó ọ̀rá jọ. Nínú gíráàmù 100 ẹran ọ̀yà tútù, nǹkan bí gíráàmù 22 ni èròjà tí ń mú ara dàgbà, ọ̀rá inú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 4. Ẹran ẹtu àti ti àgbọ̀nrín tún gbẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni pé màlúù tiwa náà ń fi ẹsẹ̀ rìn láti Òkè Ọya wá, ẹran itan rẹ̀ tí kò lọ́ràá sì lè sún mọ́ ti ọ̀yà. Ṣùgbọ́n igẹ̀ àti ìhà rẹ̀ tí a fẹ́ràn láti máa rà lè ní ọ̀rá ní ìlọ́po mẹ́rin èyí. Ẹran ìgbẹ́ sì kún fún èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára, èyí tí aboyún àti ọmọbìnrin tí ó ń ṣe nǹkan oṣù ń fẹ́. Ọ̀yà tí a ń sìn nínú àgò, tí àwọn àgbẹ̀ kan ti ń tà báyìí, lè lọ́ràá díẹ̀ ju ti inú igbó lọ, pàápàá lábẹ́ awọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i láìpẹ́ ìdí tí èmi fi fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Kí a tó dé ìdí ààrò, ọ̀rọ̀ wà nípa rírà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ bi ẹni tí ó ń tajà ni pé, "Báwo ni wọ́n ṣe pa á?" Ẹran tí ìbọn bà yóò ní ojú ọta lára, èyí tí pàkúté mú yóò ní àpá ní ẹsẹ̀ tàbí ní ọrùn. Bí kò bá sí ojú ọta, tí kò sí àpá pàkúté, tí kò sì sí eyín ajá, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi oògùn apakòkòrò tí a ń fín sí oko kòkó pa ẹran àti ẹja. Síse kì í pa májèlé náà, ata kì í sì í bò ó mọ́lẹ̀ nínú ara. Ẹran tí ìbọn bà náà ní tirẹ̀: òjé ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọta, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù ní fífẹ̀, kì í ṣe ọta nìkan ni kí ẹ yọ, nítorí pé òjé a máa fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran. Nínú ẹran tí a sìn, kò sí ọta, kò sí oògùn kòkó. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sá fún ẹran ìgbẹ́ ní ọdún 2014 nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó. Ènìyàn 20 ni ó mú ní ilẹ̀ wa, 8 nínú wọn sì kú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà pé ó ti kúrò. Kì í ṣe ẹran ìgbẹ́ ni ó gbé e wọlé nígbà náà, arìnrìn-àjò ni. Síbẹ̀, àdán àti ọ̀bọ kò yẹ kí ó wọ ìkòkò ẹnikẹ́ni, nítorí pé ara irú wọn ni a fura sí pé àrùn náà ti ń bọ̀ sára ènìyàn. Ti àrùn Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní 1969, ara irú eku kékeré kan tí ń gbé inú ilé àti oko ni ó wà, nínú ìtọ̀ rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀yà kọ́ ni eku náà o. Ṣùgbọ́n eku wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń yan tà, ẹ yé rà á. Ní oṣù Kẹfà 2023 bákan náà, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kìlọ̀ fún wa nípa pọ̀nmọ́, ẹran yíyan àti ẹran ìgbẹ́ nítorí àrùn áńtíráàsì tí ó ń jà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gánà, ó sì fara hàn ní oko ẹran kan ní Súlèjá ní oṣù Keje ọdún yẹn. Kòkòrò àrùn yìí le púpọ̀, ìkòkò kì í fi gbogbo ìgbà ṣẹ́gun rẹ̀. Nítorí náà, òkú ẹran tí a bá nínú oko, tí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa á, kí a má ṣe fọwọ́ kàn án rárá, bí ó ti wù kí ó pọ́kú tó.

Ẹran yíyan tí èéfín ti sọ dúdú ńkọ́? Ó ń rùn dùn-ún, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ní 2015 pé ẹran tí a fi iyọ̀ tàbí èéfín pamọ́, bí a bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́, ó lè fa jẹjẹrẹ ìfun. Bí ẹ kò bá rí tútù rà, kí ó jẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ dúdú rẹ̀ kúrò.

Bí ẹran bá délé, kí ẹni tí ó ní egbò lọ́wọ́ má ṣe dá a. Ẹ fi ọ̀rá tàbí ìbọ̀wọ́ bo ọwọ́, ẹ lé àwọn ọmọ sẹ́yìn, ẹ fi omi gbígbóná bó irun rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ há a. Ẹ má ṣe gbé e fún àwọn tí ń fi táyà jó irun ẹran. Pátákó tí ẹ fi gé e, ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kí ẹ̀fọ́ tó dé orí rẹ̀. Bí ọ̀yà bá sanra, ẹ fi ọ̀bẹ yọ ọ̀rá abẹ́ awọ kúrò.

Wàyí o, ìkòkò. Fún ènìyàn mẹ́fà, kílò kan ẹran tó. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹran tí kò lọ́ràá ni pé bí iná bá pọ̀ jù ó máa ń le bí igi, ni ìyá ilé yóò bá rò pé epo ni ó ń fẹ́. Kì í ṣe epo, àkókò ni. Ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ da ife omi mẹ́ta sí i, àlùbọ́sà ńlá kan, atalẹ̀ bí ìka ọwọ́ kan tí a tẹ̀, àti ata rodo kan. Bí ó bá ti hó, ẹ dín iná kù títí omi yóò fi máa rú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ sì dé e. Ọmọ ọ̀yà lè rọ̀ láàárín wákàtí kan; àgbà rẹ̀ lè gbà tó wákàtí kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi iyọ̀ sí i sibẹ̀. Omi ẹran náà kò gbọdọ̀ dànù, òun ni ọbẹ̀.

Ẹ lọ tàtàṣé mẹ́rin, tòmátì mẹ́fà, ata rodo méjì àti àlùbọ́sà kan. Ẹ kọ́kọ́ se ata yìí lásán láìsí epo, títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ibi tí ẹ ó ti rí epo fi pamọ́ nìyí, nítorí pé omi inú ata ni ó ń mú kí a máa din ín nínú epo fún wákàtí kan. Nígbà tí ó bá ki, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta epo pupa tó fún gbogbo ìkòkò náà. Ẹ má ṣe yọ́ ọ títí yóò fi funfun. Ohun tí ó pa epo láró yẹn ni ara wa ń lò fún ojú, iná ni ó sì ń jó o dànù. Bí ìdajì epo pupa sì ni ọ̀rá irú èyí tí kò dára kí ó pọ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dùn ún. Ẹ da ẹran àti omi rẹ̀ sínú ata, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ hó fún ìṣẹ́jú 20.

Irú ni yóò ṣe iṣẹ́ mágì. Ẹ fi omi ṣan ìkúnwọ́ irú kan dáadáa, nítorí àwọn tí ń tà á a máa bu iyọ̀ sí i kí ó má bàa bàjẹ́, kí ẹ sì dà á sí ọbẹ̀ pẹ̀lú ewé efinrin. Bí ìdajì hóró mágì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni iyọ̀, ẹ wá ṣírò márùn-ún tí Ìyá Ìbejì sọ sí i. Iyọ̀ tí kò tó gíráàmù 5, èyíinì ni ṣíbí tíì kan tí a fi ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ dọ́gba, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́, tòun ti inú búrẹ́dì àti gààrí ọlọ́yọ̀ọ̀. Nítorí náà, ìdajì ṣíbí tíì tó fún ìkòkò yìí. Ẹ fi í sí i nígbẹ̀yìn, ahọ́n á tètè gbọ́ ọ.

Ẹ̀wà ni ó kù. Gbẹ̀gìrì dára púpọ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ yìí: ife ẹ̀wà olóyin méjì, ẹ rẹ ẹ́, ẹ bó o, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, kí ẹ sì fi ìjábẹ̀ lù ú. Ẹ má ṣe ju káún sí i láti mú un tètè jinná, nítorí ẹ̀yà kan náà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ru nínú iyọ̀ ń bẹ nínú káún. Ṣùgbọ́n èèpo tí a ń bó dànù yẹn ni ó ń mú kí inú ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kì í jẹ́ kí ṣúgà tètè gun ẹ̀jẹ̀. Fún bàbá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, odidi ẹ̀wà tí a bu ọbẹ̀ ọ̀yà lé lórí sàn jù. Àwọn ará Texas ní Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè ní chili, tí àwọn ọdẹ wọn a máa fi ẹran àgbọ̀nrín ibẹ̀ sè, tí ìjọba ibẹ̀ sì sọ di oúnjẹ ìpínlẹ̀ náà ní 1977. Títí di òní ni wọ́n ń jà lórí bóyá ẹ̀wà gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Ìjà wọn kọ́ ni tiwa, ṣùgbọ́n nínú ilé ẹlẹ́jẹ̀ ríru, kí ẹ̀wà wọlé.

Ẹ̀wà ni kí ó pọ̀ nínú abọ́, kí ẹran má ju ègé méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ewédú tàbí ẹ̀fọ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí àmàlà bá jẹ́ dandan, òkèlè tí ó tó ìkúùkù ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ tó. Ẹni tí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wú tí ó sì ń gbóná lóru nítorí gọ́ùtù, àti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, kí wọ́n bi dókítà wọn léèrè kí wọ́n tó jẹ ẹran yìí tàbí ẹ̀wà tí ó pọ̀. Kí ẹ sì tú ẹran ọmọdé wò fún egungun wẹ́wẹ́ àti ọta kí ẹ tó gbé e fún un.

Ọbẹ̀ tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé. Bí iná ọba bá lọ tí kò tètè dé, ẹ má fi ọ̀sán kan ṣeré. Ẹ gbé e ka iná kí ó hó dáadáa ní àárọ̀ àti ní alẹ́, kí ẹ jẹ ẹ́ tán ní ọjọ́ kejì. Ìyá Ìbejì ti ń sè é báyìí láti ìgbà díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní bàbá ní ọbẹ̀ náà tẹ́, ó ń wá iyọ̀ kiri orí tábìlì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kó o pamọ́ sínú yàrá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, irú ni ó ń béèrè pé kí wọ́n fi kún un.