Atọ́kùn Àwòrán àti Kọ̀ǹpútà tí Ojú Rẹ̀ Ṣókùnkùn

Ohun tí ó fa àlàyé yìí ni ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó bá wa ní Kabong, ní ìlú Jos. Orí kọ̀ǹpútà kan tí a yá lò ni a ń da ìjálá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ọdẹ kọ sí. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò sí ní Jos rárá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ó ti gba àtúnṣe ní òru, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń bá wa ṣiṣẹ́ rò pé ó ti kú, ó sì pa á láti òkèèrè kí ó lè tún un tàn. Ẹ̀rọ kò kú. Ojú ewé mọ́kànlá tí a kò tíì fi pamọ́ ni ó bá a lọ.

Kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan ni ó gbà á sínú, tí ó sì fún un ní káàdì àwòrán àfarawé. Ohun tí ti inú bá yà sórí káàdì yìí ni ẹ̀rọ ńlá ń kà, tí ó ń fi ránṣẹ́ sí fèrèsé tí àwa ń wò. Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tí a fi ń gbé àwòrán bẹ́ẹ̀ ni VNC, tí ilé ìwádìí Olivetti ní Cambridge ṣe ní àwọn ọdún 1990.

Ètò tí ń bá káàdì sọ̀rọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní driver. Àwọn kan fẹ́ kí a pè é ní awakọ̀, ṣùgbọ́n kò wa ohunkóhun. Atọ́kùn ni ó yẹ ẹ́ ní ti wa: òun ni ó gbọ́ èdè eégún, tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún èrò ìwòran. Bí atọ́kùn tuntun bá dé tí kò gbọ́ ohùn eégún yìí dáadáa, ijó ń lọ lọ́wọ́, èrò kò sì rí nǹkan kan.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ó tún ń rúni lójú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá fún kọ̀ǹpútà inú ní káàdì gidi, bí irú ti NVIDIA, tí atọ́kùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ ni àwòrán lè kó lọ. Fèrèsé wa ṣì dojú kọ káàdì àfarawé tí ẹnikẹ́ni kò ya nǹkan sí mọ́. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Ibi tí a ń wò ni kò tọ́.

Èyí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà inú nìkan. Ní ọdún 2019, Windows 10 ẹ̀dà 1903 yí ìlànà àwòrán tí ó ń lò fún ìwòran láti òkèèrè padà kúrò ní XDDM sí WDDM. Àwọn ẹ̀rọ kan tí atọ́kùn wọn ti pẹ́, pàápàá ti Intel, ń fi ojú dúdú han ẹni tí ó bá wọlé láti òkèèrè. Microsoft gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Níhìn-ín, atọ́kùn kò yí padà. Agbo ni ó yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí a tó pa ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba ọ̀nà mìíràn wọlé, bíi SSH tí kò nílò àwòrán. Bí ó bá dáhùn, a lè fi iṣẹ́ pamọ́, kí a sì dá atọ́kùn àtijọ́ padà. Bí ó bá jẹ́ Linux ni kò fi ojú hàn nígbà tí a tàn án, ọ̀rọ̀ nomodeset lórí ìlà ìtanná rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ kí ó lo àwòrán tí kò le. Ó sì dára kí a ya ẹ̀dà gbogbo ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ṣáájú àtúnṣe.

Ọ̀nà SSH yìí ni a gbà wọlé ní ọjọ́ kejì. Ní ti ojú ewé mọ́kànlá, a ti padà sídìí téèpù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìkẹrin.