Àpáàdì fún Kọ̀ǹpútà tó Kọ̀ tí Kò Jí

Ẹ bi àwọn àgbà ìlú Tápà bí wọ́n ṣe ń dáná kí ìṣáná tó di ohun tí ọmọdé ń rà ní ìsọ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé bí iná ààrò bá kú mọ́jú, ìyá á na àpáàdì sí ọmọ, á ní, "Sáré lọ fọnná wá nílé ìyá àgbà." Ọmọ á gba ẹ̀yìnkùlé sí agboolé kejì, wọ́n á bu eérú díẹ̀ sínú àpáàdì, wọ́n á to ẹyín iná mẹ́ta mẹ́rin lé e, ọmọ á sì máa yára bọ̀ kí iná má baà kú sí i lọ́wọ́. Nígbà tó bá fi padà délé, ìkòkò wà lórí ààrò bó ṣe wà, ìyẹ̀fun láfún wà nínú igbá rẹ̀, omi wà nínú àmù. Kò sí ohun kan tó bàjẹ́ nínú ilé náà. Iná nìkan ló kú.

Ọ̀rọ̀ ìfọnná yìí ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí ìyá kan gbé láàpútọ́ọ̀pù wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ àti àwọn tó ń ta gàrí pọ̀ nínú rẹ̀. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti kú tipẹ́, ojú iná tààrà ni wọ́n fi ń lò ó. Windows ń tún ara rẹ̀ ṣe lọ́wọ́, ó ti kọ ọ́ síta pé kí ẹnikẹ́ni má pa ẹ̀rọ, ni iná bá lọ. Láti ọjọ́ náà, ojú dúdú àti ìlà lẹ́tà funfun kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń fi hàn wọ́n.

"Ọmọ mi, ó ti kú," ni wọ́n wí. "Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ayétẹ̀ ní kí n jẹ́ kóun fọ́ọ̀mátì ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì gbà fún un. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó. Ti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Ọdún mẹ́fà."

Fọ́ọ̀mátì ni oògùn tí a máa ń kọ́kọ́ lò fún kọ̀ǹpútà tó bá kọ̀ tí kò dìde, ó sì máa ń dùn mí. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí a gbọ́n ilé ìdáná dànù pátápátá, àti ìyẹ̀fun àti omi àmù, nítorí pé iná kú. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ fọnná wá wò ná.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, Windows kọ́ ló ń kọ́kọ́ jí. Ètò kékeré kan wà nínú ṣíìpù tó lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù inú ẹ̀rọ náà. BIOS ni wọ́n ń pè é lára àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, UEFI lára ti òde òní. Òun ni ọmọ tí a ń rán lọ fọnná. Kò mọ Word, kò mọ Excel, kò mọ orúkọ yín. Iṣẹ́ tí a rán an ni pé kó lọ sí ibi báyìí, kó wá ètò ńlá tí yóò gba àkóso ẹ̀rọ, kó sì gbé e wá sínú RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí, tó máa ń ṣófo bí a bá ti pa á. Hádì dísìkì inú ẹ̀rọ ni a sábà máa ń rán an lọ. Bó bá débẹ̀ tó rí i pé Windows ti fọ́, á padà wá jíṣẹ́ lójú ẹ̀rọ pé òun kò rí ohun tí òun lè gbé. Àwa tó ń wo ojú dúdú náà la wá ń pariwo pé gbogbo nǹkan ti parẹ́. Ọmọ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó ìyá yìí wà lórí dísìkì kan náà, ní àyè tirẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohunkóhun má tíì fọwọ́ kàn án.

Ọmọ tí a lè rán sí ilé kan, a lè rán an sí òmíràn. Bí a bá tan ẹ̀rọ tí a sì ń tẹ F12 lemọ́lemọ́ lára Dell tàbí Lenovo, tàbí F9 tàbí Esc lára HP, ibi gbogbo tó lè lọ á jáde lójú ẹ̀rọ: dísìkì inú, CD, fláàṣì. Ẹ yan fláàṣì. Bí a bá ti to ẹyín iná sínú fláàṣì náà bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà á dìde láti ibẹ̀, á máa ṣiṣẹ́ nínú RAM, kò sì ní kọ nǹkan kan sórí dísìkì inú rẹ̀ àyàfi bí a bá ní kó kọ ọ́.

Linux ni iná tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Linus Torvalds, ọmọ Finland tó ń kàwé ní Yunifásítì Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ní 1992 ó fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ GPL, tó fún gbogbo ènìyàn láyè láti lò ó, láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, láti tún un ṣe, láti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bá ìfọnná mu jù: ẹni tó fún ọ ní ẹyín iná, ààrò tirẹ̀ kò tutù. Mo lè ṣe ẹ̀dà ogún fún ogún ènìyàn ní Tápà lónìí, n kò sì rú òfin ẹnikẹ́ni.

Nígbà kan, CD ni àpáàdì náà. Kí gbogbo kọ̀ǹpútà tó lè gba CD dìde, IBM àti Phoenix ní láti fẹnu kò lórí ìlànà kan ní 1995. El Torito ni wọ́n pe ìlànà náà, orúkọ ilé oúnjẹ kan ní California, èyí tó máa ń dùn mọ́ mi nínú nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni èmi náà fi ń ṣàlàyé rẹ̀. Ní 2000, Klaus Knopper ará Jámánì gbé Knoppix jáde, odidi Linux tó fún pọ̀ wọ inú CD kan ṣoṣo, tí kò béèrè pé kí a fi nǹkan kan sórí dísìkì ẹ̀rọ kó tó ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àpáàdì kiri fún àwa tí íntánẹ́ẹ̀tì wa kò lágbára nígbà náà ni Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa. Ubuntu, oríṣi Linux tó dá sílẹ̀, kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Láti ìgbà náà títí di 2011, Canonical, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ń fi CD ránṣẹ́ ní ọ̀fẹ́ sí ẹni tó bá béèrè níbikíbi láyé, wọ́n ń san owó ìfiránṣẹ́ fúnra wọn, wọ́n sì ń fi ju ẹyọ kan lọ ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fẹ́ pín in. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni ubuntu. Ó sún mọ́ ohun tí Yorùbá ní lọ́kàn nígbà tí a bá ní èèyàn laṣọ mi. Inú mi dùn pé láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹni tó ronú irú ìrànlọ́wọ́ yìí ti wá, tó sì fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà sọ ọ́ lórúkọ.

Lónìí, fláàṣì ti gba ipò CD, bí a sì ṣe ń to iná sínú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí ISO ni a máa ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Ubuntu ti tó nǹkan bí gígábáìtì mẹ́fà báyìí, nítorí náà bí ẹ bá ń fi dátà fóònù gbà á, SystemRescue, oríṣi Linux mìíràn, ni kí ẹ mú. Nǹkan bíi gígábáìtì kan ni, torí ìgbàlà nìkan ni wọ́n sì ṣe ṣe é. Ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti já fáfá lè gba méjèèjì bọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé kí ènìyàn kàn kọ́pì fáìlì ISO náà sórí fláàṣì bí ẹni kọ́pì orin. Kò ní jí. Ọmọ tí a rán kì í tú ẹrù yẹ̀ wò. Ibì kan pàtó lórí fláàṣì ni wọ́n ti kọ́ ọ pé kó wò, bí kò bá sì bá ohun tó ń wá níbẹ̀, á padà lọ́wọ́ òfo. A kì í fi apẹ̀rẹ̀ fọnná. Àpáàdì ló tó ko iná lójú, fláàṣì tí a kàn kọ́pì ISO sí kò tíì di àpáàdì. Lórí Windows, ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ Rufus ni ó máa ń sọ ọ́ di àpáàdì: ẹ fi fláàṣì sí i, ẹ tọ́ka sí ISO, ẹ tẹ Start. Láti 2020 ni òmíràn tó ń jẹ́ Ventoy ti wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó fi òun tún fláàṣì ṣe, lẹ́yìn náà ẹ lè wá máa kọ́pì ISO sí i bó ṣe wù yín, èyí tó bá wù yín lẹ ó yàn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń dìde.

Iṣẹ́ sísọ fláàṣì di àpáàdì yìí máa ń nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ dànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkàn sí èyí. Èmi fúnra mi ti kọ SystemRescue lé orí fláàṣì tí fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi obìnrin wà. Mo yan lẹ́tà fláàṣì tí kò yẹ kí n yàn, n kò sì tún un wò. PhotoRec, ètò tí Christophe Grenier kọ, tó sì wà nínú SystemRescue yẹn kan náà, bá mi wá fọ́tò díẹ̀ padà. Díẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìwọ̀n fláàṣì sókè kí n tó tẹ Start. Lórí Linux, níbi tí a ti ń lo àṣẹ dd, ewu náà tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé dd kì í bi ènìyàn léèrè bóyá ó dá a lójú. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló wà láàárín orúkọ fláàṣì àti ti dísìkì inú ẹ̀rọ yín.

Ẹ tún fi àmì SHA-256 yẹ ISO náà wò kí ẹ tó lò ó. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ni, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti gbà á. Bó bá yàtọ̀ sí ti ọwọ́ yín, fáìlì náà kò pé tàbí kí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Bí ẹni ń tún ṣẹ́ńjì kà lọ́jà ni.

Mo fi fláàṣì sí ẹ̀rọ ìyá akọ̀wé, mo tẹ F12. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú ẹ̀rọ. Wọ́n béèrè bóyá ó ń bàjẹ́ sí i ni, mo ní rárá mà, ó ń jí ni. Nígbà tó dìde tán, mo ṣí dísìkì inú rẹ̀, fódà wọn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún un. Wọ́n fa àga sún mọ́ tábìlì, wọ́n ka orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ látòkè délẹ̀, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé e. A kó gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì kejì, a tún kó o sórí ẹ̀kẹta. Ìgbà yẹn ni mo tó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ fọ́ọ̀mátì rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù tuntun ni Windows ti fi BitLocker tì láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Linux á rí dísìkì náà, kò ní lè kà á láìsí kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48. Inú àkáǹtì Microsoft ẹni tó ni ẹ̀rọ ló sábà máa ń wà, ẹ wá a kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tí ara ẹ̀rọ ṣì le. Bí hádì dísìkì bá sì ń dún kó-kó-kó, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ara irin ló ń ṣe é. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún tàn án ni ẹ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Ẹni tó mọ ddrescue lò ni kó gbà á lọ́wọ́ yín: ddrescue á kọ́kọ́ kó apá ibi tó ṣì dára, kó tó padà síbi tó ti ń kú lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìlú kékeré nìkan ni èyí. Ní 19 oṣù keje ọdún 2024, fáìlì kan tó ní àṣìṣe, tí ilé-iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́, mú kí kọ̀ǹpútà Windows tó tó mílíọ̀nù 8.5 kọ̀ tí wọn kò dìde kárí ayé. Ọ̀pọ̀ bàálù kò gbéra, àwọn ilé ìwòsàn kan dá iṣẹ́ kan dúró. Ẹ̀rọ tí kò jí kò lè gba àtúnṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà àwọn òṣìṣẹ́ ní láti lọ bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Microsoft gbé ètò kan jáde tí a ó kọ sórí fláàṣì, kí ẹ̀rọ lè gba ibẹ̀ dìde, kó sì yọ fáìlì burúkú náà dànù. Ìfọnná ni àwọn náà padà sí.

Kọ̀ǹpútà tó ti kú kò lè ṣe fláàṣì ìgbàlà fún ara rẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rọ yín ń ṣiṣẹ́ ni ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ orúkọ sí i lára kí ọmọ má baà fi kó orin. Fláàṣì gígábáìtì mẹ́jọ ti tó. Tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tápà, SystemRescue àti Ubuntu sì wà lórí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣiṣẹ́, kò ní ná yín ní dátà. Ẹni tó bá fẹ́ fọnná, kó mú àpáàdì tirẹ̀ wá.