Àbùjá Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì: Ibo Lẹ Ti Fẹ́ Wọkọ̀?

Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti gba NCE tàbí dìgírì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀ wa ní Abẹ́òkúta, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976. Kò ṣàjèjì mọ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ lónìí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wu òun, àmọ́ òun ò lè tún fi ọdún márùn-ún jókòó sí kíláàsì. Ètò tí àwọn Òyìnbó ń pè ní accelerated nursing degree ló ń wá. Àbùjá la ó máa pè é nínú àlàyé yìí.

Ẹ wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn tó ń lọ sí Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀ kò ní pẹ́ nínú ọkọ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ní Ìbàdàn. Kì í ṣe pé dírẹ́bà sáré nítorí rẹ̀, ibi tó ti wọlé ló sún mọ́ ibi tó ń lọ. Bí àbùjá ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ohun tí ẹ ti kọ́ tẹ́lẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ gidi ń yọ kúrò, kì í yọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà gbọọrọ la ó kọ́kọ́ wò. Yunifásítì Ìbàdàn ló bẹ̀rẹ̀ dìgírì nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, ní 1965. Ọdún márùn-ún ni dìgírì náà, BNSc sì lorúkọ rẹ̀. Nítòsí wa, yunifásítì Olabisi Onabanjo àti Babcock tó wà ní Ìlíṣàn náà ń ṣe é. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n máa ń béèrè nínú WAEC tàbí NECO: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì. Kò sí àbùjá tó fo márùn-ún yìí. Bó ti wù kí dìgírì yín nínú ẹ̀kọ́ ìtàn dára tó, kò lè dípò físíìsì. Ẹni tí kò bá ní in yóò padà lọ kọ ọ́, bí irun tilẹ̀ ti ń funfun lórí rẹ̀.

Àbùjá tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni direct entry, ìyẹn kí èèyàn wọ yunifásítì láti ọdún kejì. Ìdánwò JUPEB lọ̀pọ̀ ń gbà débẹ̀. Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún kan fún JUPEB, ọdún mẹ́rin ní yunifásítì, márùn-ún náà ló tún jẹ́! Wàhálà UTME ni ẹ yẹ̀ sílẹ̀, ẹ ò jèrè ọjọ́ kankan. Ẹni tó ti ní ìwé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ló jèrè ọdún. Ìwé tí yunifásítì kan ń gbà lè máà jẹ́ èyí tí òmíràn ń gbà, nítorí náà ẹ wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB fúnra yín. Ẹ má gba ti àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù gbọ́ pé NCE yín ti tó.

Ọ̀nà kan tún wà tó gùn lójú, tó sì jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà ní ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn tí àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá sílẹ̀ ní 1895. Ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìdí-Àbà. Ọdún mẹ́ta ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gbà kí èèyàn tó gba láísẹ́nsì. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń yí padà sí ND àti HND báyìí, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ àti iye ọdún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ẹ ó máa gbowó oṣù, tí ẹ ó sì máa fi ka BNSc láti ilé ní yunifásítì NOUN. Ẹni tó ti ní láísẹ́nsì nìkan ni NOUN ń gbà sí ẹ̀kọ́ yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á bá yín wọ̀ ọ́ pẹ̀lú WAEC lásán, owó yín ló ń wá.

Àbùjá tòótọ́ fún ẹni tó ti ní dìgírì mìíràn, òkè òkun ló pọ̀ sí. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 11 sí 18 ni. Ohun tí wọn kì í kọ gàdàgbà sójú ìpolówó ni pé ẹ gbọ́dọ̀ ti ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara, kòkòrò àrùn àti kẹ́mísìrì kí oṣù wọ̀nyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn nìkan lè jẹ ọdún kan. Ètò náà sì le débi pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ níyànjú pé kó má ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Ta ni yóò máa san owó ilé? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún méjì ni. Wákàtí 4,600 ni òfin ibẹ̀ ń béèrè, ìdajì rẹ̀ nídìí aláìsàn; ohun tí ẹ ti kọ́ lè dín in kù, kò lè pa á rẹ́.

Ibi tí ìkánjú ti ba nǹkan jẹ́ ni Florida. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan èèyàn 25 lórí ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ayédèrú tó lé ní 7,600, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tà fún àwọn tí kò jókòó kàwé. Nǹkan bí 2,400 nínú àwọn tó rà á ló yege ìdánwò láísẹ́nsì tí wọ́n ń pè ní NCLEX. Ìwádìí tún wá lé wọn bá lẹ́nu iṣẹ́.

Ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí láísẹ́nsì. Lọ́dọ̀ wa, Nursing and Midwifery Council of Nigeria ló ń fúnni ní láísẹ́nsì, lábẹ́ òfin ọdún 1979. Ìgbìmọ̀ la ó máa pè é. Ìgbìmọ̀ yìí ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà, tó sì ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé rẹ̀. Indexing ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pe ìyẹn. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá gba èèyàn kọjá iye tí Ìgbìmọ̀ fún un, àwọn kan á kàwé tán, wọn ò ní rí ìdánwò Ìgbìmọ̀ kọ.

Bó bá jẹ́ pé ìrìnàjò ló ń mú yín kánjú, ẹ rántí pé ní oṣù Kejì ọdún 2024, Ìgbìmọ̀ gbé ìwé jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn láísẹ́nsì kí àwọn tó bá a fìwé ránṣẹ́ sí òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fẹ̀hónú hàn lórí rẹ̀ ní Àbújá àti Èkó. Ẹ béèrè bí òfin náà ṣe wà ní ọdún tí ẹ bá fẹ́ wọlé, kí ẹ sì fi kún ìṣirò yín.

Kí ẹ tó sanwó ìwọlé, ẹ wo àtòjọ Ìgbìmọ̀ bóyá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà níbẹ̀, àti bóyá ìfọwọ́sí rẹ̀ kún tàbí ti ìgbà díẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ sínú ọgbà wọn, ẹ má yà sí ọ́fíìsì o. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ bi í pé mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọlé, mélòó ni wọ́n sì ṣe indexing fún.