Bí Ìkànnì Ìgbanisíṣẹ́ Méjì Ṣe Ń Bá Ara Wọn Sọ̀rọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Olùwáṣẹ́ Mọ̀

Ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ ni ó ń kọ ohun kan náà sórí ìkànnì kan tẹ̀lé òmíràn. Láti dín wàhálà yìí kù, àwọn onímọ̀ sọ́fítíwíà a máa so ìkànnì méjì pọ̀, kí ìwé tí ẹnì kan fi wáṣẹ́ ní ibì kan lè dé ibi kejì. Afárá tí ìsọfúnni ń gbà kọjá ni wọ́n ń pè ní API. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́ afárá náà dáadáa, olùwáṣẹ́ ni yóò fara gbá a.

Ta ni olùwáṣẹ́ yìí?
Ìkànnì méjèèjì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Orúkọ nìkan kò tó. Lẹ́tà ẹ́, tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ṣeé tẹ̀ ní ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa a rí i bí ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà lè kà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọjọ́ ìbí náà ní ewu tirẹ̀: 03/04/1998 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin lójú ìkànnì kan, kí ó jẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta lójú èkejì. Ìlànà àgbáyé ni kí a kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀lé e, kí ọjọ́ sì kẹ́yìn: 1998-04-03.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já ńkọ́?
Bí ìkànnì kìíní bá fi ìwé ránṣẹ́ tí kò gbọ́ èsì, kò ní mọ̀ bóyá ó dé. Bí ó bá tún fi í ránṣẹ́, ìwé kan lè di méjì. Bí ó bá dákẹ́, olùwáṣẹ́ lè pàdánù iṣẹ́ láìmọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ìkànnì kejì lè mọ èyí tó ti gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀tọ́ yín lábẹ́ òfin
Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ọdún 2023, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa yín, láti ní kí wọ́n tún àṣìṣe ṣe, àti láti fa ìyọ̀ǹda yín sẹ́yìn. Nítorí náà, àtúnṣe tí a bá ṣe ní ìkànnì kan gbọ́dọ̀ dé èkejì. Ohun tí iṣẹ́ náà bá nílò nìkan ni ó sì yẹ kí ó kọjá: ẹni tó ń wá awakọ̀ nílò ìwé àṣẹ ìwakọ̀, kò nílò nọ́ńbà àkáǹtì báńkì yín kí ó tó gbà yín síṣẹ́.

Kí ẹ tó gbà kí wọ́n so àkáǹtì yín pọ̀:
• Ẹ ka ohun tí wọ́n fẹ́ gbé kọjá.
• Ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà lórí NIN.
• Ẹ tọ́jú nọ́ńbà tí wọ́n bá fún ìwé yín.
• Ẹ má ṣe fún ìkànnì kan ní ọ̀rọ̀ aṣínà ti èkejì. Ìsopọ̀ tí a ṣètò dáadáa yóò mú yín lọ sí ìkànnì tó ni àkáǹtì náà láti wọlé.